Òdo, Òfo àti Àjẹkù: Èdè-Ìperí fún Fífa Iye Yọ láti inú Ọ̀wọ́ Àmì nínú Èdè C

1. Ìfáàrà

Nígbà tí akọ̀wé kan bá tẹ àmì 7 àti àmì 0 lórí kíbọọ̀dù láti fi máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan pamọ́, kì í ṣe àádọ́rin ni kọ̀ǹpútà gbà. Àmì méjì ni ó gbà, tí ọ̀kan tẹ̀lé èkejì gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ti ń tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀rọ̀. Nínú ìlànà ìfi-nọ́ńbà-dá-àmì-mọ̀ tí wọ́n ń pè ní ASCII, 55 ni nọ́ńbà àmì 7, 48 sì ni nọ́ńbà àmì 0. Àádọ́rin kò sí nínú méjèèjì. Kí ètò kọ̀ǹpútà tó lè ro àwọn máàkì kíláàsì kan pọ̀, ó ní láti wo àwọn àmì wọ̀nyí, kí ó sì ti ara wọn mọ iye tí wọ́n dúró fún.

Iṣẹ́ kékeré ni èyí lójú ẹni tí kò tíì kọ ètò kọ̀ǹpútà rí. Ṣùgbọ́n nínú èdè C, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpinnu sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń kọ ètò, ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ìṣòro mìíràn tún dúró de olùkọ́ tí ó fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí àti olùtumọ̀ tí ó fẹ́ tú ìwé rẹ̀. Bí èdè-ìperí tí wọ́n yàn bá pa ìyàtọ̀ kan rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ wọn yóò kọ ètò tí ó pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Èyí tí ó ṣe kókó jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọmọ tí ó gba òdo nínú ìdánwò àti ọmọ tí kò ní máàkì kankan rárá.

Pé Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ ìṣirò kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni tún ní láti jiyàn lé lórí. Láti ọdún 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, nínú èyí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù fún onímọ̀ èdè láti ṣe ni kí ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó bá yàn bá iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe mu ní tòótọ́.

2. Àmì òǹkà, orúkọ òǹkà àti iye

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ yà sọ́tọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Èkíní ni àmì òǹkà, èyí tí ojú ń rí lórí ìwé. Èkejì ni orúkọ òǹkà, èyí tí ẹnu ń pè. Ẹ̀kẹta ni iye, èyí tí kò ní ìrísí, tí kò sì ní ohùn. Iye kan náà ni 16, XVI àti mẹ́rìndínlógún.

Ìyàsọ́tọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ọmọ Yorùbá ju bí ó ti ṣe pàtàkì fún àwọn mìíràn lọ, nítorí pé orúkọ òǹkà wa kì í sábà tẹ̀lé ètò àmì òǹkà. Ẹni tí ó bá pe 16 ní mẹ́rìndínlógún ti gbéra láti ogún, ó sì ti yọ mẹ́rin kúrò. Ẹni tí ó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti lọ sí àádọ́ta kí ó tó padà sẹ́yìn. Ètò C kì í yọ ohunkóhun kúrò. Láti òdo ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ka àwọn àmì láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Ìgbàkígbà tí ó bá pàdé àmì òǹkà kan, yóò fi mẹ́wàá sọ iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ di púpọ̀, yóò sì fi iye àmì tuntun náà kún un. Fún 16, ó bẹ̀rẹ̀ ní òdo. Ó rí 1, ọwọ́ rẹ̀ di 1. Ó rí 6, ó sọ 1 di 10, ó fi 6 kún un, ó di 16. Láti mọ iye àmì kọ̀ọ̀kan, ìyọkúrò kan ṣoṣo ni ó ń ṣe: yóò yọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ àmì 0 kúrò lára ti àmì tí ó rí. Nínú ASCII, 55 dín 48 jẹ́ 7. Òfin èdè C fi dáni lójú pé àmì 0 títí dé 9 wà ní ìtẹ̀léra láìsí àlàfo. Kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ nípa àwọn lẹ́tà.

Nítorí náà, kò bójú mu kí olùkọ́ fi orúkọ òǹkà ṣe àlàyé ìgbésẹ̀ yìí. Kí ó kọ àmì sójú pátákó, kí ó sì máa nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan lè sọ pé èyí fi hàn pé òǹkà Yorùbá kò bá kọ̀ǹpútà mu. Ọ̀rọ̀ òpè ni. Àwọn ará Faransé ń pe 90 ní ogún mẹ́rin òun mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí ó ti tìtorí rẹ̀ sọ pé kí wọ́n má kọ ètò C.

Ohun tí akọ̀wé bá tẹ̀, àmì kan lẹ́yìn èkejì, ni a ń pè ní ọ̀wọ́ àmì níhìn-ín. Àwọn olùtumọ̀ kan lè fẹ́ pè é ní okùn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe wí. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń so ẹran ni okùn lójú Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà kò sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀, pé ó sì tò tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀wọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Nínú C, àmì kan tí ojú kò rí ni ó máa ń wà ní ìdí ọ̀wọ́ àmì, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 0. Kí a pe èyí ní àmì òpin, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà gbà á sí àmì 0 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 48.

Ó ku orúkọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ìyípadà ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu olùtumọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá yí padà kò tún sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀wọ́ àmì kò yí padà rárá nínú iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn tí ètò bá ti mọ iye rẹ̀ tán, àmì 7 àti àmì 0 ṣì wà níbi tí wọ́n wà, ètò sì lè padà lọ wò wọ́n. Ìfàyọ ni ó bá a mu: a fa iye yọ láti inú ọ̀wọ́ àmì. Ọ̀rọ̀ yìí ní àǹfààní kan tí ìyípadà kò ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ fa nǹkan yọ lè bá ibẹ̀ ní òfìfo, ó sì lè fa díẹ̀ yọ kí ìyókù ṣẹ́kù. Ohun méjèèjì yìí gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀. Kí a fi ìyípadà pamọ́ fún ìgbà tí a bá ń mú iye láti inú àyè ńlá bọ́ sí àyè kékeré, nítorí pé níbẹ̀ ni iye ti lè yí padà ní tòótọ́.

3. Ìdáhùn tí kò ṣeé gbọ́kàn lé

Dennis Ritchie ni ó ṣe èdè C ní Bell Laboratories, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nínú ìwé tí òun àti Brian Kernighan kọ lórí èdè náà, tí ó jáde ní 1978, wọ́n fi ọmọ ètò kan tí ń jẹ́ atoi ṣàlàyé bí a ti ń ti ara àmì òǹkà mọ iye. Fún ìkọ́ni, àpẹẹrẹ tí ó dára púpọ̀ ni. Ṣùgbọ́n atoi tún wà nínú àkójọ àwọn ọmọ ètò tí òfin èdè C ti 1989 fọwọ́ sí, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ó fún iṣẹ́ gidi.

Ìdáhùn kan ṣoṣo ni atoi lè fún ẹni tí ó pè é, èyí ni odidi nọ́ńbà kan. Kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Bí wọ́n bá fún un ní àmì 0, òdo ni yóò dáhùn. Bí wọ́n bá fún un ní ọ̀rọ̀ náà ogún, òdo ni. Bí akọ̀wé kò bá tẹ ohunkóhun ju bọ́tìnnì ìlà tuntun lọ, òdo náà ni. Ọmọ tí ó jókòó ṣe ìdánwò tí kò mọ nǹkan kan, àti ọmọ tí ó wà ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà tí akọ̀wé sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, di ọ̀kan náà nínú ìwé máàkì.

Èyí tí ó tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èyí tí kì í mú òdo wá. Akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè tẹ lẹ́tà o dípò àmì 0, kí ó sì kọ 7o. Ojú ènìyàn yóò kà á sí àádọ́rin. Ètò atoi yóò mú 7, yóò dúró níbi tí ó ti rí lẹ́tà, yóò sì fi méje lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Òdo lè mú kí olùkọ́ fura. Méje kò ní mú ẹnikẹ́ni fura. Bákan náà ni ẹni tí ó bá fi kọ́mà sí àárín owó, tí ó kọ 1,200, yóò rí i pé náírà kan ṣoṣo ni ètò rẹ̀ kọ sílẹ̀. Bí iye náà bá sì tóbi ju àyè tí ó wà fún un lọ, òfin èdè C kò tilẹ̀ sọ ohun tí ó gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ìṣesí aláìnípinnu ni èyí: ẹ̀rọ kan lè mú nọ́ńbà àjèjì kan wá, òmíràn lè ṣe ohun mìíràn, kò sì sí èyí tí a lè bá wí.

Níbi yìí ni Yorùbá ti ní ohun ìní tí ó yẹ kí olùtumọ̀ lò. Èdè wa ní òdo, ó sì tún ní òfo. Òdo jẹ́ iye: a lè fi í kún iye mìíràn, a lè kọ ọ́ sínú ìwé máàkì, ọmọ lè gbà á. Òfo jẹ́ àìsí nǹkan, bí ìgbà tí ènìyàn bá lọ sóko tí ó sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ẹnu lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìsí ìpalára. Nínú èdè-ìperí, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Kí òdo dúró fún iye nìkan, kí òfo sì dúró fún ìfàyọ tí kò rí iye kankan. Kí àwọn òǹtẹ̀wé sì kíyè sí àmì ohùn, nítorí òfò tún yàtọ̀, ó sì lè kó ìbànújẹ́ bá ojú ìwé tí kò ní in.

4. Ìfàyọ tí ó sọ òtítọ́

Ọmọ ètò mìíràn wà nínú C tí ń jẹ́ strtol. Ó gba ohun mẹ́ta: ọ̀wọ́ àmì, àyè tí yóò kọ atọ́ka sí, àti ìpìlẹ̀ òǹkà. Yàtọ̀ sí iye tí ó fà yọ, ó máa ń sọ ibi tí ó dúró sí nínú ọ̀wọ́ àmì. Atọ́ka ìdúró yìí ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Bí ibi tí ó dúró sí bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ àmì gan-an, kò rìn rárá, òfo ni. Bí ó bá rìn díẹ̀ ṣùgbọ́n tí nǹkan ṣì kù níwájú rẹ̀, ohun tí ó kù ni àjẹkù. Lẹ́tà o inú 7o jẹ́ àjẹkù. Kọ́mà àti 200 inú 1,200 jẹ́ àjẹkù. Ẹni tí kò bá yẹ àjẹkù wò kò mọ ohun tí òun jẹ.

Bí iye bá tóbi ju àyè rẹ̀ lọ, strtol kì í dákẹ́. Yóò mú iye tí ó tóbi jù lọ tí àyè náà lè gbà wá, tàbí èyí tí ó kéré jù lọ bí ó bá jẹ́ iye òdì, yóò sì gbé àmì ìkìlọ̀ tí ń jẹ́ ERANGE sínú errno. Àkúnwọ́sílẹ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá lọ déédéé, kì í pa ìkìlọ̀ àtijọ́ rẹ́. Nítorí náà ẹni tí ó pè é ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ errno di òdo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fi ẹ̀ṣẹ̀ àná dá ẹni òní lẹ́bi. Ẹ̀yà ètò ìwé máàkì kan nìyí. Orúkọ inú rẹ̀ kò ní àmì ohùn, nítorí kì í ṣe gbogbo atúmọ̀-ètò C ni ó gbà á:

    errno = 0;
    iye = strtol(ila, &iduro, 10);

    if (iduro == ila)
        return OFO;
    while (isspace((unsigned char)*iduro))
        iduro++;
    if (*iduro != '\0')
        return AJEKU;
    if (errno == ERANGE)
        return AKUNWOSILE;
    if (iye < 0 || iye > 100)
        return ITAYO_AALA;

    *maaki = (int)iye;
    return O_PE;

Ìlà tí ó ní isspace wà nítorí pé fgets, tí ó sábà máa ń ka ìlà wọlé, máa ń mú àmì ìlà tuntun wá pẹ̀lú rẹ̀, èyí kì í sì í ṣe àjẹkù tí akọ̀wé jẹ̀bi rẹ̀. Bí ìlà bá gùn ju àyè ìpamọ́ lọ, fgets yóò gé e, nọ́ńbà kan sì lè bọ́ sí méjì ní ojú ibi tí ó ti gé e. Ètò tí ó ṣọ́ra gbọ́dọ̀ wò ó bóyá àmì ìlà tuntun wà nínú ohun tí ó kà, kí ó tó gbà pé ìlà náà pé.

Ìpìlẹ̀ 10 tí a kọ síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ènìyàn bá fi 0 sí àyè rẹ̀, strtol yóò máa fi ojú ara rẹ̀ yan ìpìlẹ̀, yóò sì ka ohun tí ó bá fi àmì 0 bẹ̀rẹ̀ sí òǹkà onípìlẹ̀ mẹ́jọ. Akọ̀wé tí ó fẹ́ràn kí ìlà dọ́gba, tí ó kọ 08, yóò rí òdo pẹ̀lú àjẹkù, nítorí àmì 8 kò sí nínú òǹkà onípìlẹ̀ mẹ́jọ.

Àkúnwọ́sílẹ̀ àti ìtayọ ààlà kì í ṣe ohun kan náà. Àyè ẹ̀rọ ni ó kún nínú ti àkọ́kọ́. Nínú ìkejì, àyè gba iye náà, ṣùgbọ́n ìdánwò tí ó parí sí 100 kò gbà á. Àyè ẹ̀rọ pàápàá yàtọ̀ síra. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, int kò lè gbà ju 2147483647 lọ. Àyè long jẹ́ bíìtì 64 lórí Linux òde òní, ṣùgbọ́n bíìtì 32 ni lórí Windows. Nítorí náà, 3000000000 lè kọjá lọ́dọ̀ strtol lórí Linux láìsí ìkìlọ̀, kí ó sì bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá fi tipátipá mú un wọ inú int. Ààlà gbọ́dọ̀ ṣíwájú ìyípadà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kourou, ní Guyana ti ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, bá èyí tan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Ada ni wọ́n lò, tí kò sì sí ọ̀wọ́ àmì nínú rẹ̀: iye kan tí ó wà ní àyè bíìtì 64 ni ètò fẹ́ yí padà sí odidi nọ́ńbà onibíìtì 16, tí kò lè gbà ju 32767 lọ. Iye náà kò wọ̀ ọ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 tí ó ń lọ sójú òfuurufú fún ìgbà àkọ́kọ́ fọ́ yángá kí ó tó lo ìṣẹ́jú kan lókè.

Nọ́ńbà tẹlifóònù yẹ ní gbólóhùn kan níhìn-ín. Nọ́ńbà alágbèéká Nàìjíríà ní àmì mọ́kànlá, àmì 0 ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ètò bá fa iye yọ lára rẹ̀, 0 iwájú yóò sọnù, ìyókù yóò sì kún int wọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ń ro nọ́ńbà tẹlifóònù pọ̀. Kò ní iye. Kí ó wà ní ọ̀wọ́ àmì rẹ̀.

5. Lẹ́tà Yorùbá àti òfo tí ó gbọdọ̀ pẹ́

Ohun tí ó wà nínú ètò òkè yìí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi olùkọ́ léèrè ni unsigned char tí ó ṣíwájú atọ́ka. Ó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ìlànà UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, lẹ́tà ẹ kò gba báìtì kan bí e. Báìtì mẹ́ta ni ó gbà, gbogbo wọn ni nọ́ńbà wọn sì ju 127 lọ. Lórí ẹ̀rọ tí char bá ti ní iye òdì, àwọn báìtì wọ̀nyí yóò jẹ́ òdì. Àwọn ọmọ ètò bí isspace àti isdigit kò mọ òdì kankan yàtọ̀ sí àmì òpin fáìlì. Ìṣesí aláìnípinnu ni ó wà níwájú ẹni tí ó bá fún wọn ní òmíràn. Ètò tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán wò lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó sì ṣìnà ní ọjọ́ tí akọ̀wé kan bá tẹ ọgọ́rùn-ún sí àyè máàkì.

Bí ìfàyọ bá ti sọ òtítọ́, ètò tí ó pè é kò gbọdọ̀ gbé òtítọ́ náà sọnù. Ọ̀rọ̀ náà àṣìṣe nìkan kò tó láti kọ síwájú akọ̀wé. Ẹni tí ó bá òfo pàdé yẹ kí ó gbọ́ pé kò sí nọ́ńbà níbẹ̀. Ẹni tí ó fi àjẹkù sílẹ̀ yẹ kí ó rí àmì tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó kọ 700 yẹ kí ó mọ̀ pé 100 ni ìdánwò parí sí.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi −1 dúró fún ọmọ tí kò ní máàkì, nítorí ó rọrùn láti kọ sínú àyè kan náà. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì kan ní ọmọ mẹ́rin, kí mẹ́ta gba 70, 50 àti 0, kí ẹ̀kẹrin má wá. Ètò tí ó bá sọ òfo di òdo yóò pín 120 sí ọ̀nà mẹ́rin, yóò sì sọ pé 30 ni máàkì àárín. Ètò tí ó bá fi −1 pamọ́ tí ó sì gbàgbé rẹ̀ yóò pín 119 sí ọ̀nà mẹ́rin, pípín odidi nọ́ńbà nínú C yóò sì ju ìdá tí ó kù nù, yóò fún un ní 29. Ètò tí ó bá ní àyè kan fún iye, tí ó sì ní àyè mìíràn tí ó fi ń sọ bóyá iye wà, yóò pín 120 sí ọ̀nà mẹ́ta: 40.